Nígbà Tí Àmì Ọmọ Yín Bá Dúró Sórí Omi

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 22, ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń fi ibi tó bá wà hàn mí lórí Google Maps, ọkàn mi sì balẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo tají ní nǹkan bí aago méjì, mo wò ó, àmì rẹ̀ wà láàárín odò. Mo pè é, kò gbé e. Fún wákàtí mẹ́ta gbáko, àmì yẹn ò kúrò lójú kan. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo pe ọlọ́pàá. Àṣé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sùn sí. Inú bí i gan-an, ó ní mo dójú ti òun, ó sì pa ohun tó fi ń fi ibi tó wà hàn mí yẹn. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé áàpù kan wà tí mo lè gbé sórí fóònù rẹ̀ nígbà tó bá wálé, tí kò ní mọ̀. Ṣé kí n ṣe é? Kí ló tiẹ̀ fà á tí máàpù fi purọ́ fún mi?"

Ìyá wa, ẹ kú ewu òru ọjọ́ náà. Mi ò ní bá yín wí pé ẹ pe ọlọ́pàá. Ta ló máa rí àmì ọmọ rẹ̀ lórí omi láàárín òru, tí yóò pè é tí kò ní gbé e, tí yóò wá padà lọ sùn? Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tún fóònù ṣe fáwọn èèyàn, tí mo sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, irú ọ̀rọ̀ yín yìí kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ìbéèrè méjì lẹ bi mí. Èyí tí ẹ fi sẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, nítorí bí ó bá ti yé yín, ti áàpù náà yóò yé yín láìjẹ́ pé mo pariwo. Máàpù kò purọ́ fún yín. Ohun tí kò mọ̀ lẹ bi í, ó sì fi ojú ẹni tó mọ̀ dá yín lóhùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń wo fóònù wa bí àṣá ṣe ń wo òròmọdìyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tí í ṣe ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó nǹkan bíi 30, wọ́n sì ń yípo ayé ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe fún wa: wọ́n ń kéde aago tó lù lọ́dọ̀ wọn àti ibi tí wọ́n wà. Wọn ò mọ̀ pé fóònù ọmọ yín wà láyé. Fóònù náà ló ń tẹ́tí; bí ó bá gbọ́ ohùn mẹ́rin, ó kéré tán, yóò fi bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà ṣírò ibi tí òun alára wà. Rọ́ṣíà ní tiwọn tó ń jẹ́ GLONASS, ilẹ̀ Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì ń gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn GPS rú fún ará ìlú, tó fi jẹ́ pé àṣìṣe rẹ̀ lè tó 100 mítà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ ìyẹn, fóònù tó wà ní gbangba lè mọ ibi tó wà dé nǹkan bíi mítà márùn-ún. Ṣùgbọ́n mo ní gbangba o. Kí ohùn yẹn tó délẹ̀, ó ti di wúyẹ́wúyẹ́. Òrùlé nìkan tó láti dí i, ilé gíga sì máa ń dá a padà bí àpáta ṣe ń dá ohùn èèyàn padà.

Inú ilé ni ọmọ yín wà lóru ọjọ́ yẹn. Bí fóònù kò bá gbọ́ sátẹ́láìtì, ohun méjì ló máa ń ké sí. Èkíní ni Wi-Fi. Kò dìgbà tó bá wọ Wi-Fi kankan; ó kàn máa gbọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn tó wà nítòsí, yóò sì béèrè lọ́wọ́ Google tàbí Apple pé ibo ni wọ́n ti mọ irú àwọn wọ̀nyí sí. Èyí máa ń dára níbi tí ilé bá pọ̀ sí. Èkejì ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun ló sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òpó kan lè máa sin àgbègbè tó fẹ̀ tó kìlómítà mélòó kan. Bí fóònù bá gbára lé òpó nìkan, gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju pé òun wà níbì kan nínú àgbègbè yẹn lọ. Máàpù yóò wá fa òbìrípo kan yí àgbègbè náà ká, yóò sì fi àmì sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Kò rí ọmọ yín níbẹ̀ o. Àárín ló yàn nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ kò ti ní pọ̀ jù sí apá kan. Bí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wà nítòsí odò, tí òpó tó ń sìn ín sì wà lódìkejì, àárín òbìrípo lè bọ́ sórí omi gan-an. Ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, àmì rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àárín òbìrípo yìí ti kó bá àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rí. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ MaxMind, tó máa ń wo nọ́ńbà IP kọ̀ǹpútà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè sọ ibi tó wà. Ìyẹn yàtọ̀ sí GPS, ṣùgbọ́n àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ló wà lọ, wọ́n á fi àmì sí ibì kan nítòsí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, àmì yẹn sì bọ́ sórí oko kan ní ìpínlẹ̀ Kansas. Nọ́ńbà tó lé ní 600 mílíọ̀nù ló tọ́ka sí oko kan ṣoṣo yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlọ́pàá ń dé, àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì ń dé, àwọn tó ń wá ọmọ tó sá nílé ń dé, gbogbo wọn ń kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí akọ̀ròyìn kan tú u síta ní 2016, kí ni MaxMind ṣe? Wọ́n ṣí àmì náà kúrò lórí oko, wọ́n gbé e sí àárín adágún omi, kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá ti rí àmì lórí omi. Nígbà míì, bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ pé òun ò mọ̀ nìyẹn.

Wákàtí mẹ́ta tí àmì fi dúró lójú kan ńkọ́? Òun ló bà yín lẹ́rù jù, òun gan-an ló sì yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ẹ ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ni. Fóònù rẹ̀ ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́, títí òmíràn yóò sì fi dé, ti àtijọ́ lẹ óò máa wò. Bí bátìrì bá ti fẹ́ tán tí fóònù ń ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù, lẹ́tà lè dáwọ́ dúró. Bí dátà bá tán, bákan náà. Bí fóònù bá wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, Android, láti ẹ̀dà 6.0 tó jáde ní 2015, máa ń fún àwọn áàpù rẹ̀ lóorun kí bátìrì lè pẹ́. Láti ẹ̀dà 8.0 tó jáde ní 2017, áàpù tí kò sí lójú fóònù kì í sábà mọ ibi tó wà ju ìwọ̀nba ìgbà mélòó kan lọ láàárín wákàtí kan. Bí ẹ bá tẹ àwòrán ọmọ yín lórí Google Maps, ẹ óò rí ìgbà tí ìròyìn kẹ́yìn dé, ẹ óò sì rí iye bátìrì tó kù. Ṣé ẹ wò ó lóru ọjọ́ yẹn? Ẹ má bínú o, ojú àmì ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn, tí bátìrì sì ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, fóònù tó sùn lẹ ń wò, ẹ ò lè fi mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ń mira.

Ó ti ṣe èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo rin ìrìn àjò, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé kó máa wo ibi tí mo bá dé. Ó wò ó láàárọ̀, mo wà nílé. Ó wò ó lọ́sàn-án, mo wà nílé. Ó pè mí, ó ní yàrá wo ni mo fara pamọ́ sí. Àṣé tábílẹ́ẹ̀tì tí mo gbé sílẹ̀ nílé ni Apple fi ń ṣe aṣojú mi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Find My, áàpù Apple tó ń fi ibi téèyàn wà hàn, máa ń gbà ròyìn èèyàn fún àwọn ẹbí rẹ̀, mo sì ti yan tábílẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà kan tí mò ń dán nǹkan wò, mo gbàgbé láti yí i padà. A fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ká ní ọkọ̀ tí mo wọ̀ dojú dé lọ́jọ́ náà, àmì mi ì bá ṣì jókòó sílé wọ̀ọ̀.

Mo rántí bàbá kan tó gbé fóònù ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, pé àmì rẹ̀ kì í kúrò ní àdúgbò ilé ẹ̀kọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ ọdún 17 náà dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀: ó ń fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń gba ibi tó wù ú lọ. Bàbá ń wo àmì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọmọ wà níta láìní ohun tó lè fi pe ẹnikẹ́ni bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí bàbá má rí àmì kankan lọ. Mi ò tú àṣírí ọmọ náà lójú rẹ̀. Mo pe bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bá a sọ̀rọ̀ lórí aago tí ọmọ rẹ̀ lè máa wọlé. Kò tíì dá mi lójú títí di òní pé ohun tó yẹ ni mo ṣe.

Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ lórí áàpù ìkọ̀kọ̀ yẹn. Ẹ má ṣe é. Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé ìwàásù ni. Kò lè wo ohun tó ń dùn yín sàn. Ká ní ó ti wà lórí fóònù náà lóru ọjọ́ yẹn, bátìrì tó ń tán lọ yẹn kan náà ni ì bá lò, òpó kan náà, yóò sì gbé àmì sórí omi kan náà. Ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ ni pé ẹ kò ní lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ béèrè, nítorí ẹ ò ní fẹ́ kó mọ̀ bí ẹ ṣe mọ̀. Kí irú áàpù bẹ́ẹ̀ sì tó lè wọlé, ẹni tó ń gbé e sórí fóònù gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, yóò sì sábà ní láti pa ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ fóònù náà, bíi Play Protect lórí Android. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá ṣí fún ara yín, olè náà lè bá a ní ṣíṣí. Ẹ tún rò ó wò, ọ̀dọ̀ ta ni ìròyìn ọmọ yín ń lọ? Ní 2021, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, lé ilé iṣẹ́ SpyFone kúrò nínú iṣẹ́ ìṣọ́ni pátápátá, ó ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tí wọ́n ti kó jọ rẹ́. Lára ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n ni pé wọn ò dáàbò bo ohun tí wọ́n ń kó jọ níkọ̀kọ̀ yẹn. Ní 2023, àwọn kan já wọ LetMeSpy, áàpù tí wọ́n ṣe ní Poland, wọ́n kó àtẹ̀jíṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìpè àti ibi tí àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ń rìn sí lọ, áàpù náà sì kógbá wọlé lọ́dún yẹn kan náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọ̀daràn ni òfin ka ẹni tó bá fi irú rẹ̀ sórí fóònù àgbàlagbà láìgbàṣẹ, ìyá ò sì yọ sílẹ̀. Àwọn áàpù yẹn kì í sì í mọ sórí ibi téèyàn wà. Wọ́n á kó ohun tí òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń sọ wá bá yín, ẹ óò kà á, ẹ kò ní rí i sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì ní lè gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, àwọn àgbà ti sọ ohun tó máa rí.

Àwọn áàpù tí ìdílé ń lò ní gbangba pàápàá, ẹ má fojú ẹni mímọ́ wò wọ́n. Life360 ni ilé ìròyìn The Markup sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 pé ó ń ta ìròyìn ibi tí àwọn tó ń lò ó ń lọ fún àwọn oníṣòwò dátà. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun ò fẹ́ kí ibi tóun wà máa lọ káàkiri, kò pọn dandan kó jẹ́ pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún ìyá rẹ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ẹ mọ̀ pé ó ti délé láyọ̀. Ibi tó yà sí lọ́nà kò kàn yín tó bẹ́ẹ̀. Fún èyí, ọ̀nà wà tó kéré sí kó máa fi ara rẹ̀ hàn yín tọ̀sán tòru. Ti WhatsApp ni mo fẹ́ràn jù fún ìrìn àjò: ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí mẹ́jọ ni èèyàn lè fi hàn, yóò sì parí fúnra rẹ̀, WhatsApp alára ò sì lè kà á lọ́nà. Google Maps náà ní wákàtí kan, yàtọ̀ sí èyí tí kì í parí tí ẹ̀yin méjèèjì ń lò, ó sì lè fi ìrìn àjò kan ṣoṣo hàn yín títí ọmọ yóò fi gúnlẹ̀. Apple ní wákàtí kan, ó ní títí ọjọ́ náà á fi parí, ó ní títí láé. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń lo iPhone, ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní Check In, tó bá iOS 17, ètò tó ń darí iPhone, dé ní 2023. Ọmọ á sọ fún fóònù pé òun ń lọ sílé. Bí ó bá dé, fóònù á sọ fún yín, ó tán. Bí ó bá pẹ́ jù lọ́nà, òun ni fóònù á kọ́kọ́ bi pé ṣé kò sí nǹkan. Àfi tí kò bá dáhùn ni yóò tó fi ibi tó wà àti iye bátìrì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ro ó: ọmọ ló kọ́kọ́ ń gbọ́, ìyá ló tẹ̀lé e. Àwọn fóònù Android kan ní irú rẹ̀ nínú áàpù Personal Safety ti Google.

Àbùkù ńlá tó wà lára gbogbo èyí ni ìgbàgbé. Ọmọ gbọ́dọ̀ rántí tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ́ sì ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ sùn. Èyí tí kì í parí kò ní wàhálà yẹn, mi ò sì ní parọ́ pé kò wúlò: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn lójijì, ibi tí àmì rẹ̀ ti dákẹ́ kẹ́yìn lè jẹ́ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ sí wá a. Mo ti bá àwọn kan ṣe é, bàbá àgbà kan tó ń gbàgbé ọ̀nà ilé, obìnrin kan tí gìrì máa ń mú tó sì ń dá gbé. Wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn gan-an ló béèrè fún un, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n láti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe ní òpópónà tibí tọ̀hún.

Bí ọmọ yín bá tún gbà, kí ẹ jọ sọ ohun tí ẹ óò ṣe tí àmì bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ lọ́sàn-án, nígbà tí ẹ̀rù ò bá ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wo aago ìròyìn àti bátìrì. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tẹ́tí: fóònù tó ń dún ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí kò lọ rárá lè ti kú tàbí kó wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ó lè rí i bó bá tají. Òun fúnra rẹ̀ ni kó yan ẹni méjì tí ẹ lè pè lóru láìbínú, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ má sí níbẹ̀ o. Ó dá mi lójú pé ìpè sí ọ̀gá yẹn ló dùn ún ju ti ọlọ́pàá lọ. Kí òun náà sọ iye wákàtí tó yẹ kí ẹ dúró kó tó di pé ẹ wá a kiri. Ṣùgbọ́n bí ìdí mìíràn bá wà tí ẹ̀rù fi ń bà yín yàtọ̀ sí àmì, bóyá ara rẹ̀ ò yá, bóyá ó wà lójú ọ̀nà lóru, bóyá ó kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jọ ti ẹ̀, ẹ má dúró de wákàtí kankan, ẹ pe àwọn tó ń gbani nínú ewu lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ ibi tí àmì wà fún wọn, ẹ sọ aago tí ìròyìn náà wọlé mọ́ ọn. Àmì tí kò ní aago lè rán wọn lọ wá èèyàn nínú omi nígbà tí ẹni náà wà lójú títì.

Mo fẹ́ yà díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìyá nìkan kọ́ ló ń ka èyí. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń ṣọ́, tí o sì ń bẹ̀rù ẹni tó ń ṣọ́ ẹ, má ṣe pa á lójijì. Ó lè rí i pé o pa á, ìyẹn sì lè bí i. Lo fóònù ẹlòmíràn láti bá ẹni tó mọ irú ọ̀rọ̀ yìí sọ̀rọ̀ ná. iPhone, láti iOS 16 ní 2022, ní Safety Check tó ń fi àwọn tí ò ń tipasẹ̀ Apple fi ibi tó o wà hàn, àti àwọn áàpù tó lè mọ ibẹ̀, hàn ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iPhone àti Android ti jọ ń kìlọ̀ bí ohun ìtọpa kékeré tí kì í ṣe tìrẹ bá ń bá ọ rìn kiri. Ó tán, mo padà sọ́dọ̀ ìyá wa.

Ibi tí ọgbọ́n mi mọ nìyí, torí mi ò lè dá ẹjọ́ àárín yín pẹ̀lú ọmọ yín. Mi ò mọ̀ bóyá òru ọjọ́ kan yẹn ló mú un pa á, tàbí ó ti ń rò ó tipẹ́tipẹ́ tó kàn rí àyè. Bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Ẹ sọ fún un bí odò yẹn ṣe rí lójú yín ní aago méjì òru, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó má mọ̀ rárá pé omi ni ẹ rí. Àwọn ìpè tó bá lórí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ sì fi òbìrípo tí mo sọ yẹn hàn án. Ohun kan tún kù tí mo ṣàkíyèsí nínú lẹ́tà yín: ẹ sọ bí ẹ ṣe ń rí ibi tó wà láti ọdún tó kọjá, ẹ ò sọ bóyá òun náà ń rí tiyín. Kí ẹ tó pè é, ẹ ṣí Google Maps yín, kí ẹ wò ó.